Àlàfo abẹ́ jíìpù lójú ọ̀nà ẹrẹ̀

Àlàfo abẹ́ ọkọ̀ ni ìwọ̀n tó wà láàárín ilẹ̀ àti ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ lábẹ́ ọkọ̀, láìka táyà mọ́ ọn. Lára jíìpù tí àkúsù rẹ̀ jẹ́ irin gbọọrọ kan láti táyà dé táyà, díífù, ìyẹn ilé jíà tó wà lára àkúsù tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì, ló sábà máa ń jẹ́ ibẹ̀. Ẹ̀yìn Toyota Hilux rí bẹ́ẹ̀. Land Cruiser 70 rí bẹ́ẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn.

Ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, òjò àti típà ló ń mú ọ̀rọ̀ yìí le. Láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, ilẹ̀ pupa ojú ọ̀nà oko máa ń rọ̀. Táyà típà tó ru yanrìn á wa kòtò gbọọrọ méjì, á sì fi ebè sílẹ̀ láàárín, tí òjò bá dá, ebè náà á le koránkorán. Bí jíìpù bá kó sínú kòtò méjèèjì, díífù á jókòó sórí ebè, táyà á sì máa yí lásán. Ìdí nìyí tí awakọ̀ tó mọ ọ̀nà fi máa ń fi táyà ẹ̀gbẹ́ kan gun ebè, tí á fi ti ẹ̀gbẹ́ kejì gba etí ọ̀nà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kọ́kọ́ máa ń dábàá ni kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè: kí wọ́n fi ṣọ́kù àti sípíríǹgì tó gùn sí i, tàbí kí wọ́n ki rọ́bà sábẹ́ sípíríǹgì. Èyí kì í gbé díífù àkúsù gbọọrọ. Ara ọkọ̀ nìkan ló ń gòkè. Díífù kò kúrò níbi tó wà. Èrè ibẹ̀ ni pé bọ́ńpà kò ní tètè gbá gegele, ikùn ọkọ̀ kò sì ní ha orí òkè kékeré. Níwájú Hilux, níbi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti ń dá gòkè tó ń dá sọ̀ kalẹ̀, díífù so mọ́ ṣáásì, ìyẹn egungun irin tí ara ọkọ̀ jókòó lé, nítorí náà òun náà á gòkè. Àmọ́ bó bá kọjá nǹkan bíi 50 mílímítà, ṣáàfù tó ń yí táyà á dagun jù, rọ́bà tó bò ó á tètè ya, gíríìsì á sì dà nù.

Táyà gíga ló ń gbé díífù, ìdajì ohun tó fi ga sí i péré sì ni. Táyà tí wọ́n kọ ìwọ̀n 265/70R16 sí lára ga tó 777 mílímítà. 265/75R16 tó 804. Bí wọ́n bá fi èkejì rọ́pò àkọ́kọ́, díífù á fi nǹkan bíi 13 mílímítà gòkè, kò ju ìbú ìka lọ. Owó tí wọ́n ń san fún un kò kéré, ẹ́ńjìnnì á sì ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i. Bí mítà bá ń ka 100, eré ọkọ̀ gan-an á ti tó 103. Unimog ti ilẹ̀ Jámánì gba ọ̀nà mìíràn: jíà wà nídìí táyà kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ kí àkúsù wà lókè àárín táyà.

Yíyọ irin àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ àti dídín ẹrù kù náà kì í jẹ́ kí abẹ́ ọkọ̀ tètè ha ilẹ̀, wọn kò sì ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Lórí yanrìn etíkun Àgbádárìgì, ọ̀rọ̀ yí padà. Níbẹ̀, wọ́n máa ń tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ láti nǹkan bíi 35 psi sí bíi 18, kí táyà lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Àlàfo abẹ́ ọkọ̀ á dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní tètè rì. Kí wọ́n tó padà sórí ọ̀dà, wọ́n gbọ́dọ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ náà padà, torí táyà tó rọ̀ máa ń gbóná lórí eré, ó sì lè bẹ́.