Ṣé oògùn tó ń tún ìlù ọkàn ṣe lè ṣe ènìyàn léṣe?

Ìbéèrè: Ọkàn mi ń lù ségesège, dókítà sì kọ oríṣi oògùn méjì fún mi. Kí ni iṣẹ́ wọn?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní atrial fibrillation, yàrá òkè ọkàn á máa gbọ̀n rìrì dípò kí ó máa ti ẹ̀jẹ̀ síwájú. Ẹ̀jẹ̀ tó bá sé síbẹ̀ lè dì, kí ó sì lọ dí iṣan nínú ọpọlọ, ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Bisoprolol ń dín eré ọkàn kù, flecainide àti amiodarone ń dá ìlù rẹ̀ padà sípò, ṣùgbọ́n warfarin kò kan ìlù náà rárá: dídì ẹ̀jẹ̀ ló ń dènà.

Ìbéèrè: Bí ìlù ọkàn bá ti gún, kí ló tún kù tí a ó máa bẹ̀rù?

Ìdáhùn: Àwọn dókítà pàápàá ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn tí ọkàn wọn ń ṣi ìlù lù lẹ́yìn tí iṣan tó ń bọ́ ọkàn ti dí ni wọ́n máa ń kú jù, wọ́n sì gbà pé bí oògùn bá mú àṣìlù náà kúrò, ẹ̀mí wọn yóò gùn. Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní CAST dán èrò yìí wò. Àbájáde rẹ̀ tó jáde ní 1991 fi hàn pé nínú àwọn aláìsàn 1,498, láàárín nǹkan bí oṣù 10, ènìyàn 63 kú lára àwọn tó lo encainide tàbí flecainide, nígbà tí 26 kú lára àwọn tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Àṣìlù náà dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn tó ń pa iná kékeré ń dá ńlá sílẹ̀ lára ọkàn tó ti ní àpá. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní flecainide mọ́, bó tilẹ̀ wúlò fún ẹni tí ẹran ọkàn rẹ̀ le koko.

Ìbéèrè: Amiodarone wá ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó lágbára gan-an, ó sì ṣeé fún ọ̀pọ̀ ẹni tí ọkàn wọn ti rẹ̀. Àmọ́ iodine ló ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀ lọ, nítorí náà ó lè da iṣẹ́ táírọ́ìdì tó wà ní ọrùn rú. Ó tún lè ba ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹni tó bá dá a dúró ṣì lè ní in lára fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ìbéèrè: Ṣé kí n pa ẹ̀fọ́ tì nítorí warfarin?

Ìdáhùn: Rárá o. Vitamin K inú ẹ̀fọ́ máa ń dín agbára warfarin kù, ṣùgbọ́n kí ẹ jẹ ẹ́ rẹpẹtẹ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ má fọwọ́ kàn án lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ni wàhálà. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àgbo tí ẹ kò sọ fún dókítà, àti amiodarone fúnra rẹ̀, nítorí ó ń mú kí warfarin le sí i débi pé ẹ̀jẹ̀ lè máa dà. Bí ẹ bá ń lo méjèèjì pọ̀, ó sábà máa ń gba pé kí dókítà dín warfarin yín kù, kí ó sì máa yẹ INR yín (òǹkà tó ń fi hàn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó dì) wò léraléra, kí ó lè wà láàárín 2 sí 3.