Bí a ṣe ń ka òǹtẹ̀ ara ìbọn Lee-Enfield àtijọ́

Ọ̀bẹ ẹnu ìbọn No. 4, ọ̀kan nínú ìdílé ìbọn Lee-Enfield tí ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kò jọ ọ̀bẹ rárá, ìṣó ńlá ló jọ. Ti àkọ́kọ́ ní igun mẹ́rin; èyí tó tẹ̀ lé e rí roboto, kó má baà gba iṣẹ́ púpọ̀. Lára ti àkọ́kọ́, òǹtẹ̀ SM la ó rí. Lára àwọn kan nínú ti ẹ̀yìn, N67 ni. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló rọ wọ́n. Ilé iṣẹ́ kan náà ni: Singer, ní Clydebank ní Scotland, àwọn oní-máṣíìnì tí télọ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ogun ló sọ SM di N67. Ìjọba Ìlú Ọba kò fẹ́ kí orúkọ ilé iṣẹ́ hàn lára ohun ìjà mọ́, kí èyí tó bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá má baà júwe ibi tó yẹ kí wọ́n ju bọ́ǹbù sí. Ẹ̀rù náà kì í ṣe àsọdùn. Ní oṣù Kọkànlá 1940, bọ́ǹbù Jámánì balẹ̀ sí ilé iṣẹ́ BSA, tó ń rọ ìbọn, ní Small Heath, Birmingham, òṣìṣẹ́ 53 sì bá a lọ. Nínú ètò tuntun náà, M dúró fún àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà, N fún àríwá, S fún gúúsù, nọ́ńbà á wá tẹ̀ lé e. BSA, tí àwọn àgbà mọ kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù rẹ̀ dáadáa, di M47. Ẹ̀ka rẹ̀ ní Shirley ń lo M47C. S51 tó bá wà lábẹ́ igi ìdí ìbọn, Holland & Holland ti Lọ́ńdọ̀nù ni, àwọn tó ń so awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn mọ́ ìbọn. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe olówó pọ́ọ́kú lọ́jà òde òní, nítorí náà, kí olùrà la ojú ẹ̀ dáadáa.

Àwọn tó wà lókè òkun kò ní ìdí láti fara pa mọ́. Ilé iṣẹ́ Long Branch, ní Toronto ní Kánádà, ń so L àti B pọ̀. Ilé iṣẹ́ Savage ti Amẹ́ríkà ń lo S tí igun rẹ̀ mú bíi ti àpótí, wọ́n sì ń tẹ U.S. PROPERTY mọ́ ara ìbọn, nítorí pé yíyá ni Amẹ́ríkà yá a fún Ìlú Ọba. Lẹ́tà C tó wà láàárín nọ́ńbà ìbọn Savage ń tọ́ka sí Chicopee Falls, ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́.

Lẹ́tà ẹyọ kan ló ń ṣini lọ́nà jù. S tí wọ́n tẹ̀ sórí igi ìdí ìbọn kì í ṣe Savage, B ibẹ̀ kì í sì í ṣe BSA. Gígùn igi ni wọ́n ń sọ: S fún kúkúrú, L fún gígùn, B fún èyí tó kúrú jù lọ, nítorí pé apá ṣọ́jà kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà 0 sí 3 tó wà lórí bolt, irin tí wọ́n ń fà sẹ́yìn kí ọta tó wọlé. Ìwọ̀n ni: bí àlàfo ẹ̀yìn ọta bá ti ń fẹ̀ sí i, orí bolt tí nọ́ńbà rẹ̀ ga ni wọ́n máa fi dí i. Àmì tó dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ sì ńkọ́? Ohun ìní ìjọba ló ń wí. Bí méjì bá forí korí, ìjọba ti tà á nìyẹn. Ti Kánádà wà nínú C.

Ìdílé Lee-Enfield yìí ni àwọn ọmọ Nàìjíríà gbé lọ sí Bọ́mà. Èyí tó bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sábà máa ń tú u palẹ̀, wọ́n á tún un tò. Ìbọn wá dà bí agboolé tí àbàjà, pélé àti gọ̀mbọ́ jọ ń gbé: ilà ojú ẹnì kan kò lè sọ ìran ẹnì kejì. Òǹtẹ̀ FTR fi hàn pé ó ti padà sí ilé iṣẹ́ fún àtúnṣe pátápátá, ibẹ̀ sì ni irin àjèjì ti máa ń wọlé.

Nítorí náà, lára No. 4, ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí irin ti pàdé igi ìdí, ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́, ọdún àti nọ́ńbà ìbọn wà. Ká wá fi nọ́ńbà náà wé ti ẹ̀yìn ọwọ́ bolt. Àkísà rírọ̀ àti kẹrosíìnì díẹ̀ ti tó láti nù ún. Ẹni tó bá fi sáńpépà ha á ti ba ẹ̀rí jẹ́. Tọ́ọ̀ṣì tí a tàn láti ẹ̀gbẹ́ máa ń gbé òǹtẹ̀ tó ti parẹ́ jáde. Bí ara ìbọn bá ti dúdú, tí inú òǹtẹ̀ nìkan ṣì ń dán, ẹ̀yìn tí wọ́n ti pa á láró ni wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ká ní M47C àti 1943 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, nọ́ńbà bolt bá a mu, òrùka tó di igi mọ́ ẹnu ìbọn ní S onígun, igi ìdí sì ní S lásán. Shirley ni wọ́n ti rọ ìbọn náà, bolt rẹ̀ kò tíì fi í sílẹ̀, òrùka ló ti Amẹ́ríkà wá. S orí igi kò bá Savage tan: apá ṣọ́jà tí wọ́n fún ló kúrú.