Ọkàn tó rọ̀ lẹ́yìn ikú ọ̀rẹ́ kì í ṣe àìsàn

Mo mọ ẹnì kan nínú àwọn ẹgbẹ́ mi tó le koko bí ojú ẹja. Kì í tọrọ àforíjì. Bí èèyàn bá ń ro ìṣòro fún un, kò ní jẹ́ kó dé ìdajì tó fi máa ní kó lọ múra. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ dàgbà wá kú. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn láti béèrè àlàáfíà wọn, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dé òpin, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ níbi tí kò sẹ́ni tó retí ẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń sọ lẹ́yìn ẹ̀ pé: "Ikú yẹn ló já a láyà. Ẹ fún un láyè díẹ̀, yóò bọ̀ sípò."

Èrò tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn ni pé ọkàn tó rọ̀ jẹ́ ọgbẹ́, pé tó bá jinná, ẹni líle àná yóò padà dé. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣì wá lọ́nà ni pé a kì í ka ọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́ kún ọ̀fọ̀ gidi. Ìyàwó, ọkọ, ọmọ, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò la ń kí pé "ẹ kú ara fẹ́ra kù". Ọ̀rẹ́ máa ń wà lára àwọn tó ń kíni, kì í sí lára àwọn tí wọ́n ń kí. Ó lè ti máa bá olóògbé sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ kò ní fún un láyè ọjọ́ kan. Kenneth Doka, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwé kan jáde ní 1989 lórí irú ọ̀fọ̀ yìí, èyí tó ń dun èèyàn ṣùgbọ́n tí àwùjọ kò fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe. Ní 2019, àwọn olùwádìí tó yẹ àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn tó lé ní 26,000 wò ní Ọsirélíà rí i pé ipa ikú ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ lè wà lára èèyàn títí di ọdún mẹ́rin, àti pé ó ń pẹ́ jù lára àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ bá èèyàn ṣe. Ọdún mẹ́rin o, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Kò yà mí lẹ́nu. Àwa náà la máa ń sọ pé ogún ọmọdé kì í ṣeré f'ógún ọdún, bíi pé àwọn ẹlòmíì là ń bá wí. Òkú òbí, bó ti wù kó dùn wá tó, a ti ń gbọ́ ìró rẹ̀ bọ̀ láti òkèèrè. Òkú ẹgbẹ́ ẹni kì í kanlẹ̀kùn. Ó sì ń gbé nǹkan lọ tí ẹbí ò mọ̀ pé ó sọnù: ìnagijẹ tí ẹnì kan ṣoṣo láyé ń pe èèyàn, àti ẹ̀fẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni méjì péré ló ń pa lẹ́rìn-ín.

Ti "yóò bọ̀ sípò" ńkọ́? Sigmund Freud, gbajúgbajà dókítà tó ń wo ìṣòro ọkàn, kọ ọ́ ní 1917 pé iṣẹ́ ọ̀fọ̀ ni láti tú okùn tó so alààyè mọ́ òkú díẹ̀díẹ̀, kí ọkàn lè ráyè fún nǹkan mìíràn. Ní 1920, Sophie, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kú. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1929 sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ọmọ kú fún, ohùn rẹ̀ ti yí padà: oró náà yóò rọlẹ̀, àmọ́ a kò ní rí arọ́pò, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìpele ọ̀fọ̀ márùn-ún tí gbogbo ayé ń kà, láti orí "kò lè jẹ́ òótọ́" títí dé orí gbígba kámú, dókítà kan, Elisabeth Kübler-Ross, ló kọ ọ́ ní 1969, ẹnu àwọn aláìsàn tí ikú tiwọn fúnra wọn ti sún mọ́ ló sì ti gbọ́ ọ. Àwa la sọ ọ́ di àtẹ̀gùn fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Níbo wá ni rírọ̀ yẹn ti ń wá? Kì í ṣe inú ikú. Ní èrò tèmi, inú gbèsè ló ti ń wá. Ọ̀rẹ́ mi kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, mo ní máa gbọ́ ọ tí mo bá ráyè. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n pè mí. Látìgbà náà, ẹni tó bá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, mi ò lè jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Àwọn tó ń yìn mí fún un ò mọ̀ pé gbèsè ẹlòmíì ni mò ń san fún wọn. Ẹni tí òun àti olóògbé jà tí wọn ò rójú parí ẹ̀ náà ń san tirẹ̀: òun ló ń kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ báyìí, kódà níbi tó ti jàre. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ti sunkún lójú èèyàn, tí wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó máa ń ṣòro fún un láti fi ẹkún ẹlòmíì ṣe yẹ̀yẹ́.

Richard Tedeschi àti Lawrence Calhoun, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, gbé àkójọ ìbéèrè kan jáde ní 1996 láti fi wọn irú àyípadà báyìí, pé àwọn kan ń túbọ̀ sún mọ́ èèyàn, àánú wọn sì ń pọ̀ sí i. Wọ́n ní kì í ṣe àjálù ló ń mú un wá, ìjàkadì tí èèyàn ń bá a jà lẹ́yìn náà ni. Àwọn kan ń ta kò wọ́n, wọ́n ní ẹnu ẹni náà nìkan la fi ń mọ̀. Òótọ́ ni: èèyàn lè máa kéde pé òun ti yí padà kí àwọn ará ilé rẹ̀ máa wò ó.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọlọ́fọ̀ pé nǹkan yìí yóò sọ ọ́ di èèyàn rere. Kò sẹ́ni tó ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ra ìwà. Ẹlòmíì máa ń le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa sún mọ́ ọn débi tí ikú rẹ̀ á tún dùn ún. Ẹlòmíì á sunkún, á nu ojú, á máa bá ayé rẹ̀ lọ, kò sì túmọ̀ sí pé kò fẹ́ràn olóògbé.

Àìsàn ọ̀fọ̀ wà lóòótọ́. Ó wà nínú ìwé àkójọ àìsàn Àjọ Ìlera Àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022: ẹni tó ti lé ní oṣù mẹ́fà tí àárò òkú ò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ tàbí tọ́jú ara rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò dókítà. Àmọ́ ẹni tó ń jí, tó ń lọ síbi iṣẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín, tó kàn jẹ́ pé kì í jágbe mọ́ èèyàn mọ́, kí lẹ fẹ́ wò sàn lára rẹ̀?

Ẹgbẹ́ mi yẹn pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní ṣé kò sí o. Ó ní kò sí, òun kàn ní kí òun gbóhùn mi ni. Mo dúró kó sọ ohun tó ń wá. Ó béèrè ìyá mi, ó béèrè iṣẹ́, ó ní ó dàárọ̀.