Ẹni Méje Níhìn-ín, Ẹni Méje Lọ́hùn-ún

Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2005, inú ń bí ọ̀pọ̀ olùdìbò Republican ní Amẹ́ríkà sí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ wọn. George W. Bush tí wọ́n dìbò fún ló wà lórí àga ààrẹ, sẹ́nétọ̀ 55 nínú 100 sì jẹ́ tiwọn. Síbẹ̀, àwọn kan lára àwọn adájọ́ tí Bush yàn, tí àwọn sẹ́nétọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, kò rí ọ̀nà wọlé. Láti 2001 ni orúkọ Priscilla Owen, ọ̀kan lára wọn, ti wà nílẹ̀. Ohun tí àwọn olùdìbò ń sọ ni pé àwọn aṣáájú ti tà wọ́n.

Ó dùn wọ́n wọra nítorí pé adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kò ní sáà. Bó bá wù ú, ó lè jókòó síbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. David Souter ni àpẹẹrẹ tí kì í kúrò lẹ́nu wọn: ààrẹ Republican ló yàn án sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 1990, àmọ́ nígbà tó yá, ẹ̀yìn àwọn adájọ́ tí wọn kò fẹ́ ló ń tò sí.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe ńlá ni kí èèyàn rò pé ẹni tó bá ti ní sẹ́nétọ̀ tó pọ̀ jù ti parí iṣẹ́. Ìdìbò méjì ni wọ́n ń ṣe nígbà yẹn. Èyí tó ń gba adájọ́ wọlé kò ju kí ibo “bẹ́ẹ̀ ni” pọ̀ ju “bẹ́ẹ̀ kọ́” lọ. Kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìbò pé àríyànjiyàn ti tó, ibo 60 sì ni ìyẹn ń gbà. Bí sẹ́nétọ̀ 41 bá kọ̀, ọ̀rọ̀ kò ní tán, ìdìbò kejì kò sì ní wáyé. Filibuster ni wọ́n ń pè é. Àwọn Democrat 44, ẹgbẹ́ alátakò, àti aládàáni kan tó ń bá wọn rìn jẹ́ 45, wọ́n sì lò ó dáadáa.

60 yìí kò sí nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Àwọn sẹ́nétọ̀ fúnra wọn ló fi í sínú ìlànà ilé ní 1975, ohun tí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn so, wọ́n lè tú u. Ibí yìí ni ìbínú àwọn olùdìbò ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bill Frist, olórí àwọn Republican nílé náà, ti múra àtitú u. Ibo 50 ti tó, torí Dick Cheney, igbákejì ààrẹ, á fi tirẹ̀ kún un.

Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, sẹ́nétọ̀ 14 fọwọ́ síwèé àdéhùn: Republican méje tí kò ní bá Frist tú ìlànà, Democrat méje tí kò ní bá ẹgbẹ́ wọn dènà. Ìṣirò rẹ̀ ló yani lẹ́nu. Yọ méje kúrò nínú 55, ó ku 48. Frist kò lè tú ìlànà mọ́. Yọ méje kúrò nínú 45, ó ku 38. Àwọn Democrat kò lè dènà mọ́. Mẹ́fà ì bá tó níhìn-ín, márùn-ún ì bá tó lọ́hùn-ún. Wọ́n fi díẹ̀ lé e, kó má baà jẹ́ pé bí ẹnì kan bá yẹhùn, gbogbo rẹ̀ á dàrú.

Ẹ wo obìnrin méjì tó ń dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìkòkò kọ̀ọ̀kan lórí òkúta ààrò mẹ́ta. Ẹnì kan wá yọ òkúta kan lábẹ́ ti àkọ́kọ́, ó yọ ọ̀kan lábẹ́ ti èkejì. Kò ra èlùbọ́, kò ra epo, kò ṣẹ́gi. Síbẹ̀, títí yóò fi dá òkúta padà, òun ló ń sọ ohun tí ilé máa jẹ. Frist kò sí lára àwọn 14 náà, Harry Reid tó jẹ́ olórí àwọn Democrat kò sì sí níbẹ̀.

Owen wọlé, Janice Rogers Brown àti William Pryor náà wọlé. Àwọn 14 náà kò ṣèlérí kankan fún àwọn méjì mìíràn tí Bush yàn. Àwọn Democrat méje náà tún ní àwọn kò ní dènà adájọ́ lọ́jọ́ iwájú àfi bí ọ̀rọ̀ bá kọjá bó ṣe yẹ, kí kálukú sì fi ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ibi tí àdéhùn náà ti kù díẹ̀ káàtó nìyẹn. Ó dà bíi kí ìyá olóúnjẹ kọ̀ọ̀kan gbé kóńgò tirẹ̀ wá sọ́jà láti ilé. A ò mọ ẹni tó ti lu ìdí tirẹ̀ wọnú.

John McCain wà lára àwọn Republican méje náà, ọ̀pọ̀ olùdìbò sì búra pé àwọn ò ní dìbò fún un láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ wo Samuel Alito, tí Bush yàn sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ní oṣù Kìíní 2006. Ibo 72 sí 25 ló parí àríyànjiyàn lórí rẹ̀, gbogbo àwọn 14 sì wà nínú 72 yẹn. Nígbà tó kan ìdìbò gan-an, 58 sí 42 ni. Ká ní gbogbo 42 yẹn ti dènà rẹ̀ níbi àkọ́kọ́ ni, ẹnu ọ̀nà ni Alito ì bá dúró sí. Ìwé tí àwọn olùdìbò ń gégùn-ún fún wà lára ohun tó ṣílẹ̀kùn fún adájọ́ tí wọ́n ń wá.

Ní 2013, àwọn Democrat tú ìlànà 60 fún adájọ́ ilé ẹjọ́ kékeré. Ní 2017, Mitch McConnell, tó jẹ́ olórí àwọn sẹ́nétọ̀ Republican nígbà yẹn, tú u fún Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Kò sí òkúta tí ẹni méje lè yọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ di ààrẹ ni àwọn olùdìbò wá kọjú sí: ní oṣù Karùn-ún 2016, kí ìdìbò tó dé rárá, Donald Trump ti gbé orúkọ adájọ́ 11 jáde fún wọn.