Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ àti àgọ́ ọkọ̀ tó ń bu

Tí wọ́n bá ní ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ jẹ́ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ wa máa ń rò pé iye omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń kà. Ṣe ni wọ́n fi omi tó wà níbẹ̀ wé èyí tí afẹ́fẹ́ náà lè gbà kó tó kún, bí ooru ṣe mọ lásìkò yẹn. Ẹni tó bá ń kó ọkọ̀ ojú omi pamọ́ sí àgọ́ létí omi, ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ yé e, torí òun ló ń sọ ìdí tí pákó fi ń bu nígbà tí òjò ò tiẹ̀ jò wọlé.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí etí adágún Ọpà, èyí tí wọ́n sé ní 1978 nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ká ní ẹnì kan kọ́ àgọ́ onípákó síbẹ̀, ó fi páànù bò ó, ó kó ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, àwọ̀n àti jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sínú rẹ̀. Lọ́sàn-án, tí ooru bá tó 30°C, afẹ́fẹ́ tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan lè gba omi bíi 30 gíráàmù. Ká sọ pé 18 ló wà nínú rẹ̀: ìdá 60 nìyẹn, kò burú. Nígbà tó bá di alẹ́, tí ooru wálẹ̀ sí 25°C, kò lè gbà ju bíi 23 lọ mọ́. Gíráàmù 18 kan náà ti di ìdá 78. Páànù ní tirẹ̀ máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ lọ lóru, pàápàá tójú ọ̀run bá mọ́. Tó bá dé 20°C, afẹ́fẹ́ tó fara kàn án ò lè mú ju bíi 17 dání. Èyí tó ṣẹ́ kù á di omi lábẹ́ páànù, á máa kán sórí ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni ò da omi kún un láti ọ̀sán o. Ooru ló dín kù.

Ohun tó ń bu lára igi yẹn, ẹbí olú ni. Irúgbìn rẹ̀ kéré kọjá ohun tí ojú lè rí, ó sì wà nínú afẹ́fẹ́ níbi gbogbo, a ò lè lé e tán. Ó kàn ń dúró de ìgbà tí ohun tó bà lé bá tutù tó ni. Tí ọ̀rinrin ibẹ̀ bá ti ń wà lókè ìdá 70 sí 80 fún ọjọ́ mélòó kan, ó ti rí ilé. Àwọn àgbẹ̀ kòkó Ifẹ̀ àti Iléṣà mọ èyí dáadáa: kòkó tí wọn ò sá títí omi inú rẹ̀ fi wálẹ̀ sí bí ìdá 7 tàbí 8 nínú ọgọ́rùn-ún, inú àpò ló máa bu sí. Pákó náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: omi inú rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ tó ìdá 20.

Ìdí nìyí tí ara mi kì í fi balẹ̀ bí mo bá rí i tí wọ́n ń da bílíìṣì sára pákó. Àwọ̀ dúdú á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ jù nínú bílíìṣì, pákó á sì fa omi náà mu. Níbi tí kò bá fẹ̀ ju mítà kan níbùú lóròó lọ, ọṣẹ, omi díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì tó. Ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ín, torí tí ẹ bá ha á ní gbígbẹ, irúgbìn á fọ́n ká. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Ẹni tó ní ikọ́ fée, kó má dá sí iṣẹ́ náà rárá. Kí pákó náà gbẹ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Fóòmù inú jákẹ́ẹ̀tì tó bá ti bu wọnú, ẹ dà á nù. Tó bá sì di dandan kí ẹ lo bílíìṣì lórí símẹ́ǹtì, ẹ má pò ó mọ́ nǹkan ìfọlé mìíràn. Gáàsì tó máa jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Kí ó má bàa padà, ilẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ lásán inú àgọ́ ń tú omi sínú afẹ́fẹ́ tọ̀sán-tòru. Ẹ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn bò ó. Ẹ lu àjà sábẹ́ páànù. Ẹ dá ihò sí ìsàlẹ̀ ògiri kan àti òkè ògiri tó dojú kọ ọ́, kí afẹ́fẹ́ lè gba inú kọjá. Ẹ dojú ọkọ̀ dé lórí igi, kó má fara ti ògiri. Àwọ̀n tútù, oòrùn ni kó kọ́kọ́ rí kó tó wọ àpò. Fèrèsé ńlá, ẹ ṣí i nígbà tí ìkùukùu òwúrọ̀ bá ti ká. Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣí gbogbo rẹ̀ kalẹ̀.

Àwọn kan máa ń tan sítóòfù kẹrosíìnì síbẹ̀ kí inú lè gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Lítà kẹrosíìnì kan tó bá jóná ń tú bíi lítà omi kan sínú afẹ́fẹ́, èéfín rẹ̀ nínú ibi tó há sì lè pani.

Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin, ẹ gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ò ti ní pa á, kí ẹ máa wò ó ní ìdájí. Bó bá ṣì ń kọjá 80 lójoojúmọ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, omi ṣì ń ti ibì kan wọlé: ẹ lọ wo ilẹ̀ ẹ̀yìn ògiri, bóyá ó dà sọ́nà àgọ́.