Kí Télọ̀ Tó Gé Aṣọ Yín, Ẹ Sọ Fún Un Pé Ẹ Máa Dọ̀bálẹ̀

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ọkọ ìyàwó tó bá gbé aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa kì í ṣe irú ọnà tó fẹ́ sí ọrùn agbádá rẹ̀. Mo máa ń bi í pé, "Ṣé àwọn àna yín ń gba ìdọ̀bálẹ̀?" Ọ̀pọ̀ wọn kì í retí ìbéèrè yẹn. Àwòrán tí wọ́n rí lórí fóònù ni wọ́n mú wá, ọkùnrin inú àwòrán náà sì dúró ṣánṣán, ó ki ọwọ́ kan bọ àpò, ṣòkòtò rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn ò kí ẹnikẹ́ni nínú àwòrán yẹn. Ọkọ ìyàwó ní tirẹ̀ yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìdílé ìyàwó, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Alága ìjókòó yóò ní àyà àwọn tó wà lẹ́yìn ò kan ilẹ̀. Wọn yóò dìde, wọn yóò tún un ṣe.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa aṣọ ọkùnrin ò ju èyí lọ: ohun tí èèyàn máa fi aṣọ ṣe ni kí a wò kí a tó gé e. Aṣọ ilẹ̀ wa sì jẹ́ aṣọ ìkíni. Ẹni tó wọ̀ ọ́ yóò tẹríba, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò jókòó ti àgbà, yóò jẹun, yóò jó. Bí aṣọ bá ń dí i lọ́wọ́ níbi ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, iye yòówù kó rà á, aṣọ náà ò bá a mu. Àwọn baba wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣòkòtò kẹ̀m̀bẹ̀ wọn fẹ̀ nídìí, kò sì gùn kọjá orókùn lọ títí. Ẹni tó wọ̀ ọ́ lè jó bó ṣe wù ú. Nígbà tí ayé yí, àwọn náà tún aṣọ gé. Agbádá tí à ń pè ní sàpárá, orúkọ Dókítà Ọ̀gúntọ́lá Sàpárá ti Èkó ló ń jẹ́. Dàńdógó, ẹ̀wù ńlá àtijọ́, wúwo jù fún un, ló bá gbé èyí tó fúyẹ́ jáde. Kò bọ́ aṣọ ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìwúwo, kò sì jẹ́ kí aṣọ ni ín lára. Irú ọgbọ́n yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ bá télọ̀ yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí. Ibi tí ṣòkòtò ti ń há èèyàn ni itan, ìdí, àti ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé. Ọ̀pọ̀ télọ̀ á wọn itan, á wọn ìdí, á wá fojú díwọ̀n ìkẹta. Ẹ má gbà fún un. Ẹ jókòó sórí àga líle tí kò ní tìmùtìmù, ẹ na ẹ̀yìn ró, kí ó fi téèpù wọn ẹ̀gbẹ́ yín láti ibi tí okùn ṣòkòtò máa wà títí kan ojú àga. Kí ó fi ínǹṣì 1½ kún un, bí ẹ bá sì sanra, kí ó fi 2 kún un. Ìwọ̀n yìí gan-an ló ń pinnu bóyá ṣòkòtò yóò fún yín mọ́ abẹ́ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ síwájú. Ní ti itan, ibi tó nípọn jù ni kí ó wọ̀n, kí ó sì fi ínǹṣì 4 lé e, ó kéré tán. Ẹnu ẹsẹ̀ tó jẹ́ ínǹṣì 14 sí 16 yíká dára fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin. Ti ínǹṣì 12 tí àwọn ọ̀dọ́ ń béèrè báyìí máa ń há sí ojúgun: bí ẹ bá dìde nílẹ̀, kò ní sọ̀ kalẹ̀ padà, ẹ ó wá máa bẹ̀rẹ̀ fà á lójú gbogbo àlejò.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀, ó ní ohun tí a máa ń ṣe. A ó gé aṣọ kékeré onígun mẹ́rin, a ó rán an mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé. Bí ẹ bá dúró, kò hàn síta. Bí ẹ bá la ẹsẹ̀, yóò ṣí, yóò sì fún yín láyè. Kí télọ̀ rán ojú rírán ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì fi ínǹṣì 1 sílẹ̀ létí aṣọ nínú, má ṣe jẹ́ kí ó gé e dànù. Ohun tó bá ṣẹ́kù nínú yẹn ni a ó fi tú ṣòkòtò náà lọ́jọ́ iwájú kí ó lè fẹ̀ sí i. Okùn ni mo sì fẹ́ jù fún ìbàdí. Rọ́bà tó bá ti rọ̀ kì í di ṣòkòtò mú mọ́ nígbà tí ẹ bá ń dìde láti ilẹ̀, pàápàá bí fóònù bá wà nínú àpò.

Bùbá ò ní ìṣòro púpọ̀. Kí ó bo ìdí dáadáa, kí ó dé agbede méjì itan, torí ẹ̀yìn ẹni tó dọ̀bálẹ̀ ni àwọn tó jókòó sẹ́yìn ń wò. Kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì là, kí abíyá rẹ̀ sì gbà yín láyè láti na ọwọ́ síwájú tán.

Agbádá wá ńkọ́? Ẹ na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ọrùn ọwọ́ kan dé èkejì ni fífẹ̀ tí mo máa ń gé fún ọ̀dọ́. Àwọn àgbà á ní kí ó dé orí ìka. Bí èèyàn ṣe ga tó ni ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì máa ń fẹ̀ tó, tàbí kí ó sún mọ́ ọn gan-an, nítorí náà ẹni tó ga ní ínǹṣì 70, agbádá tó máa dé orí ìka rẹ̀ ò ní jìnnà sí 70. Èyí tó mọ sí ìgbọ̀nwọ́, tó gbòde báyìí, mi ò bá a jà. Ó fúyẹ́, kò sì mú ooru. Ṣùgbọ́n kò ṣe é ká sí èjìká, kíká sí èjìká sì ni ohun tí mo fẹ́ràn jù lára agbádá, torí ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó mọ aṣọ wọ̀. Ní gígùn, agbede méjì ojúgun tó. Èyí tó bá wọ́lẹ̀, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń dìde, ọrùn rẹ̀ ni yóò sì ti ya. Ọnà tí a fi ọwọ́ ṣe àti mónógíràmù tí maṣíìnì ṣe, kò sí èyí tí kò dára nínú méjèèjì. Ìwúwo ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí òkúta dídán bá pọ̀ jù níwájú, ọrùn agbádá yóò máa ṣubú síwájú, ẹ ó sì máa fà á sẹ́yìn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Gínì yáàdì 10 máa ń tó ọkùnrin tí kò sanra jù fún agbádá, bùbá àti ṣòkòtò. Kí ẹni tó tóbi béèrè lọ́wọ́ télọ̀ kí ó tó sanwó. Bó bá jẹ́ àdìrẹ olówùú, ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ sá a gbẹ kí a tó gé e, torí yóò sún kì.

Lésì ń fẹ́ àfiyèsí kan. Ó ní ihò lára, nítorí náà a máa ń fi aṣọ tín-ín-rín sínú ṣòkòtò rẹ̀. Aṣọ inú yìí ló sábà máa ń ya, torí télọ̀ fi àjẹkù tó wà nílẹ̀ gé e, kò sì jẹ́ kí ó fẹ̀ tó lésì náà. Kí ẹ wo inú aṣọ yín kí ẹ tó gbà á.

Òfì ló gba ìmọ̀ jù lọ. Sányán, àláàárì àti ẹtù ni àwọn àgbà kà sí olórí nínú rẹ̀: sányán tí wọ́n fi òwú kòkòrò inú igbó hun, tó rí bí ilẹ̀ ṣe rí; àláàárì tó pọ́n; ẹtù aláró tó ní ìlà funfun tín-ín-rín. Ní Ìsẹ́yìn, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn ahunṣọ ń hun ún, ọ̀já kan lè má fẹ̀ ju ínǹṣì 4 sí 6 lọ, àwa télọ̀ la ó wá to àwọn ọ̀já náà mọ́ra. Ìyẹn ni pé aṣọ òfì kún fún ojú rírán, òfì tó nípọn kì í sì í fà. Mi ò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú kí ó fi òfì rán ṣòkòtò tó fún. Ẹ fi òfì ṣe agbádá àti fìlà, kí ẹ wá aṣọ tó rọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ bá a mu, fún bùbá àti ṣòkòtò. Owó á dín kù, ara á sì tù yín. Ẹ má fọ òfì lómi. Bí ẹ bá ti òde dé, ẹ sá a sí ibòòji, kí atẹ́gùn gba òógùn kúrò lára rẹ̀.

Wọ́n máa ń bi mí bóyá ọ̀tún ni ẹni tó láya ń tẹ fìlà gọ̀bì sí tàbí òsì. Mo ti gbọ́ ọ lọ́nà méjèèjì lẹ́nu àwọn àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún, mi ò sì fi ṣe òfin fún oníbàárà kankan. Òfin tí mo mọ̀ ni pé fìlà kì í wà lórí ọkùnrin nígbà tó bá ń kí ọba tàbí tó bá ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà. Nítorí náà, kí ó má há. Ẹ wọn orí yíká lókè etí, kí ẹ fi ààbọ̀ ínǹṣì kún un. Ó yẹ kí ẹ lè fi ọwọ́ kan ṣí i, kí ẹ sì lè dé e padà láìwo dígí. Bí ẹ bá ṣí i, ọwọ́ òsì ni kí ó wà, tàbí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín. Kí ó má kan ilẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó dàgbà sílùú ńlá tàbí sí òkè òkun ò wọ agbádá dọ̀bálẹ̀ rí títí di ọjọ́ ìdána wọn. Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ẹ kó fóònù àti kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn kí ẹ tó wọlé. Ẹ ká apá agbádá sí èjìká, ẹ kó iwájú rẹ̀ mọ́ àyà, ẹ ṣí fìlà. Kí orókùn kan kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kí èkejì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ wá na ara sílẹ̀. Ẹni tó bá já ara rẹ̀ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń ya ṣòkòtò, òun náà ló ń já iyùn ọrùn rẹ̀. Ẹ rọra ti iyùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àyà tó kan ilẹ̀. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ẹ dúró síbẹ̀ títí wọn yóò fi ní kí ẹ dìde. Ẹ má máa gbórí sókè wò wọ́n. Àwọn ilé Mùsùlùmí kan sì wà tí wọn kì í fẹ́ kí èèyàn wólẹ̀ fún èèyàn, tó jẹ́ pé bíbẹ̀rẹ̀ ló tó wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àfẹ́sọ́nà yín ṣáájú.

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, kì í sì ṣe aṣọ nìkan ni wọ́n ń wò. Ẹ yọ awò dúdú kúrò lójú kí ẹ tó kí wọn, wọ́n fẹ́ rí ojú yín. Ẹ má kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àgbà. Bí òun bá na tirẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kí ẹ sì tẹ̀ díẹ̀. Bàtà tó ṣe é bọ́ láìbẹ̀rẹ̀ tú okùn ló bá òde wa mu, torí a lè ní kí ẹ bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá jókòó, ẹ kó agbádá sí itan yín, kí ó má bo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Owó tí ẹ fẹ́ fi yẹ́ olórin tàbí ìyàwó sí, inú àpòòwé ni kí ó wà. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka níná náírà mọ́ èèyàn lórí sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tí ẹ ń fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sílé lórí WhatsApp, ẹ má wọn ara yín fúnra yín, téèpù máa ń yẹ̀. Ẹ mú ṣòkòtò kan tí ẹ lè fi lóṣòó láìfún, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ wọ̀n ọ́n níbi ìdí, itan, gígùn àti ẹnu ẹsẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú téèpù lórí rẹ̀. Ẹ sọ fún télọ̀ pé ìwọ̀n aṣọ ni, kì í ṣe ìwọ̀n ara, kí ó má baà tún fi ínǹṣì kún un. Ẹ jẹ́ kí aṣọ dé ọwọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ó kéré tán. Lọ́jọ́ tó bá dé, ẹ wọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú bàtà àti fìlà, ẹ dọ̀bálẹ̀ nínú yàrá lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ jókòó, ẹ gun àtẹ̀gùn. Bí ó bá há yín níbì kan, kò pẹ́ rárá tí télọ̀ tó wà nítòsí yín fi máa tú u, bí ẹni tó rán an bá ti fi etí aṣọ sílẹ̀ nínú.