Ẹ Má Gba Òkèlè Lọ́wọ́ Màmá

Bí wọ́n bá gbé Màmá tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú dé láti ọsibítù, ohun tó máa ń gba ẹnu ẹbí ni pé: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi." Láti ọjọ́ yẹn, ẹnì kan á máa fi ṣíbí bọ́ wọn, ẹlòmíì á máa wọṣọ fún wọn, àlejò bá dé, wọ́n á yára fi ìró bo ọwọ́ tó rọ. Ìfẹ́ ló ń fà á, mi ò sì ní bú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ìgbàgbọ́ pé ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan ti so ọ̀pọ̀ èèyàn tí ì bá dìde mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Inú ọpọlọ ni ọ̀ràn náà wà. Ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀, tàbí iṣan náà bẹ́, apá kan ọpọlọ sì kú. Ọwọ́ fúnra rẹ̀ kò ṣẹ́. Àṣẹ tó yẹ kó máa gbà ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ibi tó kú yẹn kò ní jí, àmọ́ àwọn ibi tó ṣẹ́kù lè kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ bí a bá ń lo ọwọ́ náà léraléra. Edward Taub, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé òdìkejì rẹ̀: ọwọ́ tí a kò lò, ọpọlọ á kọ́ láti pa á tì, kódà nígbà tí agbára bá ti ń padà síbẹ̀.

Ìwádìí kan tó ń jẹ́ EXCITE, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006, kó èèyàn 222 jọ. Rọpárọsẹ̀ ti mú wọn láti oṣù 3 sí 9 ṣáájú, ọwọ́ wọn sì ṣì lè mira díẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ 2, wọ́n fi ìbọ̀wọ́ bo ọwọ́ tó le lára àwọn kan nínú wọn, kí ọwọ́ tó rọ lè ṣiṣẹ́. Ọwọ́ wọn já fáfá ju ti àwọn yòókù lọ, ó sì ṣì rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé bí oṣù mẹ́ta bá ti kọjá, ìrètí ti tán, kò sọ òótọ́. (Ẹ má fúnra yín di ọwọ́ ẹnikẹ́ni nílé o, iṣẹ́ àwọn onífisiò, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, nìyẹn.)

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ìsinmi ṣá. Láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, fífi ipá gbé aláìsàn dìde lemọ́lemọ́ lè pa á lára. Lẹ́yìn ìyẹn pàápàá, àárẹ̀ tó máa ń mú wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Òwúrọ̀ tí ara bá ṣì le ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ bó bá rẹ̀ wọ́n.

Oúnjẹ wa gan-an jẹ́ eré ìdárayá fún ọwọ́. Bí onímọ̀ ìlera bá ti rí i pé wọ́n ń gbé nǹkan mì dáadáa, tí wọn kì í húkọ́ bí wọ́n bá mumi, ẹ gbé wọn jókòó tààrà, kẹ́ ẹ gbé ẹ̀bà síwájú wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bu òkèlè, kí wọ́n yí i, kí ọbẹ̀ ta sí wọn láṣọ. Ó lè gba wákàtí kan. Ẹ dúró tì wọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde, ẹ má fa apá tó rọ, torí pé èjìká rẹ̀ lè yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sísọ ńkọ́? Ẹni tí kò lè pe "omi" lè kọ orin ìjọ tàbí ka Fátíhà délẹ̀. Kò dití, kò sì ya wèrè, ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ẹ bi í ní ìbéèrè tó lè fi orí dáhùn, kẹ́ ẹ sì mú sùúrù kí ọ̀rọ̀ náà jáde kẹ́ ẹ tó bá a sọ ọ́ parí.

Ohun kan tí mi ò ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún wọn láti dá ṣe ni òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀pọ̀ ló ń pa á tì ní gbàrà tí wọ́n bá ti lè rìn dé ẹnu ọ̀nà, rọpárọsẹ̀ kejì sì lè tẹ̀ lé e. Ẹ ka hóró rẹ̀ láràárọ̀.